Ọkọ Lè Bá A Wá

Lẹ́tà náà ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ́tùlù láti ọjọ́ Ajé,
ooru ti ká a létí bí ewé tó gbẹ.
Wọ́n fẹ́ kí Maricel wá máa tọ́jú àìsàn ẹja
ní Bergen, lókè téńté ayé.
Ilé wà ńbẹ̀, ilé-ìwé wà fún Rayén,
owó oṣù yóò di ìlọ́po méjì àti ààbọ̀.
Tèmi kò ju gbólóhùn kan lọ nísàlẹ̀ ìwé:
ọkọ lè bá a wá.

Ọkọ lè bá a wá. Ọkọ̀ ńkọ́?
Ọkọ̀ tí mo ń kàn létí omi Angelmó láti ìgbà òtútù èṣí,
mítà mẹ́sàn-án, egungun ìhà rẹ̀ ṣì ń wojú ọ̀run.
Bàbá mi ló gé igi rẹ̀ kó tó kú,
ó ní kí n jẹ́ kó gbẹ fún ọdún mẹ́fà.
Mo jẹ́ kó gbẹ fún ọdún mẹ́fà.
Ta ni yóò sọ fún wọn ní Bergen
pé bí mo bá fi ìka kan pákó lára,
ohùn rẹ̀ á sọ ibi tó ti ń jẹrà fún mi?
Níbẹ̀, ọkọ Maricel ni n ó máa jẹ́.
N ó máa nàka sí búrẹ́dì nínú ṣọ́ọ̀bù bí odi.

Ìyá mi gbọ́ ọ lórí fóònù, ní Calbuco.
Ó bi mí bóyá mo ti jẹun.
Lẹ́yìn náà ó ní adìẹ pupa ti tún ń yé sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì bàbá mi.
Mo mọ ohun tó sọ.

Hermógenes ní tiẹ̀ kò fi ọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀:
ọkùnrin kì í tẹ̀lé ìyàwó rẹ̀ bí ìrù.
Òun á ra ọkọ̀ náà bó ṣe wà.
Owó ìṣó bàbà nìkan ju iye tó pè lọ.

Lálẹ́ Ọjọ́bọ̀, mo to ẹjọ́ mi sínú ọkàn bí pákó,
ọ̀kan lé ọ̀kan, kò síbi tómi lè gbà wọlé.
Maricel ń fọ bàtà òjò Rayén, kò gbójú sókè.
Mo ní, "Ṣé òjò ń rọ̀ níbẹ̀?"
Ó ní, "Wọ́n ní ó pọ̀ ju tibí lọ."
Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dé ojú,
mo sì rántí.

Ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn, obìnrin yìí sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì
láti Calama, nínú aṣálẹ̀,
níbi tí ọmọdé ti lè dàgbà láìmọ agboòrùn.
Bàtà aláṣọ ló wọ̀. Ẹrẹ̀ gbé e mì dé ọrùn ẹsẹ̀.
Ó wo òkè, ó ní, "Ṣé kì í dá ni?"
Mo ní yóò dá. Irọ́ ni.
Ó fiṣẹ́ sílẹ̀, ó fìyá sílẹ̀, ó foòrùn sílẹ̀,
kò sẹ́ni tó kọ lẹ́tà sí i,
èmi pàápàá kò bi í.
Mo rò pé bẹ́ẹ̀ lomi ṣe ń ṣàn.

Wọ́n ní àjò kì í dùn kónílé má relé.
Ọdún mọ́kànlá ló fi wà lájò,
èmi ni mò ń pè é nílé.

Òwúrọ̀ Ẹtì, mo gbé tápólì lọ sétí omi.
Mo fepo pa egungun ọkọ̀ láti iwájú dé ìdí,
bí wọ́n ṣe ń ṣe fún èyí tí yóò pẹ́ nílẹ̀.
Mo bò ó. Mo so okùn rẹ̀ ní ìdì
tí ọwọ́ kan lè tú.
Hermógenes dúró lókèèrè, ọwọ́ rẹ̀ nínú àpò.
Mo mi orí sí i.

Mo délé. Lẹ́tà ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ́tùlù.
Mo ní, "Maricel, ìwọ ńkọ́, ṣé o fẹ́ lọ?"
Ó jókòó. Ó pẹ́ gan-an.
Kẹ́tùlù bẹ̀rẹ̀ sí hó,
ẹnì kankan nínú wa ò dìde.